Ọwọ́ Tó Tọ́jú Ẹja Oníjà

Nílé òkú, wọ́n ń sọ pé bàbá àgbà mi kì í fọwọ́ kan ènìyàn láìnídìí. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń sọ bẹ́ẹ̀ ni ọwọ́ rẹ̀ ti bà rí. Mo jókòó láàárín wọn, mo ń gbọ́, mi ò sì jiyàn, nítorí pé ní Akparé, ìlú wa, a kì í jiyàn níbi tí òkú bá wà. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí a sin ín tán, tí mo padà sí ilé-ẹ̀kọ́ tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọdé, mo rí i pé ẹni tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yẹn kì í ṣe ẹni tí mo mọ̀. Ìdòwú, bàbá àgbà tí mo mọ̀, lù mí. Ó lu bàbá mi. Ó lu ìyá àgbà mi títí eyín fi kúrò lẹ́nu rẹ̀. Ó sì tọ́jú ẹja kékeré kan, tí kò gùn ju ìka ọwọ́ lọ, pẹ̀lú sùúrù tí mi ò tíì rí irú rẹ̀ lára ẹlòmíràn.

Mo fẹ́ kọ nǹkan méjèèjì sílẹ̀ pa pọ̀. Kì í ṣe ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ láti ìbí dé ikú. Mi ò mọ̀ ọ́n tó bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo fojú rí, n ó sọ pé mo rí i. Èyí tí wọ́n sọ fún mi, n ó sọ ẹni tó sọ ọ́.

Ó ga, ó sì gbẹ. Etí òsì rẹ̀ ti ya láti ìsàlẹ̀. Ó máa ń sọ pé kòbókò ọ̀gá Jámánì kan ló ya á, nígbà tí òun ṣì ń ru ẹrù fún wọn. Lẹ́yìn tí àwọn Faransé gba ilẹ̀, ó ń fọṣọ, ó ń gbálẹ̀, ó sì ń pọn omi nílé àwọn òyìnbó wọn. Ó gbọ́ Faransé níwọ̀nba. Èdè Jámánì tó kù sí i lẹ́nu, èébú nìkan ni. Kì í jókòó kó kẹ́yìn sí ẹnu ọ̀nà. Ohun tí gbogbo wa nílé sì mọ̀ jù nípa rẹ̀ ni ohùn rẹ̀. Bí ó bá ń pariwo, kò sí ewu. Bí ohùn rẹ̀ bá ti lọ sílẹ̀ tó wá dà bíi pé àṣírí ló fẹ́ bá ọ sọ, kí o máa sá lọ ló kù.

Ẹnìkan tí kò tètè sá ni aládùúgbò oko rẹ̀. Ọkùnrin náà kọ ebè iṣu kọjá ààlà wọn. Bàbá àgbà mi bá a sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, lẹ́yìn náà ó fi ẹ̀rú ọkọ́ ṣẹ́ apá rẹ̀. Òun náà ló tún gbé e sẹ́yìn lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń to eegun, ó sì ń ro oko fún un títí apá náà fi jinná. Àwọn ẹbí wa máa ń sọ ìtàn yìí láti fi hàn pé aláàánú ni. Òótọ́ ni pé ó ro oko náà, mo sì gbà bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n òun ló ṣẹ́ apá. Ọkùnrin náà ṣì wà láàyè. Ó sọ fún mi níbi òkú pé ní àárọ̀ ọjọ́ kan òun gbé omi lọ bá a lóko, òun sì ń dúpẹ́. Bàbá àgbà mi nàró, ó nu òógùn ojú rẹ̀, ó ní: “Bí mo ṣe ń ro ó yìí, ìyẹn ò sọ pé ilẹ̀ ọ̀hún kì í ṣe tèmi.”

Àgbá dígí tó gbé ẹja sí ti wà nílé kí ẹja tó dé. Àwọn Jámánì kọ́ ilé kan sí Kamina, lẹ́bàá Atakpamé, tí wọ́n fi ń bá ìlú wọn sọ̀rọ̀ lójú afẹ́fẹ́. Àwọn fúnra wọn ni wọ́n bà á jẹ́ nígbà tí ogun dé. Nígbà tí ìbọn dákẹ́, àwọn ènìyàn lọ ń ṣa ohun tó kù níbẹ̀: irin, okùn bàbà, páànù. Bàbá àgbà mi rí àgbá dígí onígun mẹ́rin kan, tó nípọn, tí àwọn Jámánì fi ń tọ́jú iná mànàmáná wọn. Omi tó wà nínú rẹ̀ máa ń jó ènìyàn lára. Ọkùnrin kan láti Atakpamé ti di ẹ̀gbẹ́ kejì rẹ̀ mú. Wọ́n jà síbẹ̀, nínú eérú àti àfọ́kù. Ọkùnrin náà gé e jẹ ní èjìká. Bàbá àgbà mi fi irin gbá a lórúnkún, ó sì gbé àgbá náà lọ. Ẹsẹ̀ ọkùnrin náà kò padà bọ̀ sípò mọ́. Èmi fúnra mi rí i tó ń tiro lọ́jà Atakpamé, àwọn méjèèjì sì máa ń kí ara wọn dáadáa. Nígbà tí bàbá àgbà mi gbé àgbá náà délé, kò mọ ohun tó fẹ́ fi ṣe. Ẹ̀wà ni ìyá àgbà ń kó sínú rẹ̀. Mo bi í léèrè nígbà kan pé kí ló dé tó fi tìtorí ohun tí kò ní ìlò bá ènìyàn jà bẹ́ẹ̀. Ó wò mí bíi pé ìbéèrè náà kò ní orí. Ó ní: “Mo fẹ́ ẹ. Òun náà fẹ́ ẹ.”

Ọwọ́ òyìnbó kan tó wà ní Anié ni ẹja ti wá. Òun ni ọ̀gá lórí iṣẹ́ ojú irin tí wọ́n ń fà lọ sí àríwá. Mùsé ni gbogbo ènìyàn ń pè é. Bàbá àgbà mi ló ń tọ́jú ilé fún un. Mùsé ti ṣiṣẹ́ rí ní ilẹ̀ kan lọ́nà jíjìn, níhà ìlà-oòrùn, níbi tí wọ́n ti ń sin ẹja láti fi jà. Nígbà tó ti Faransé dé, ó mú akọ méjì wá, ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú ìgò tirẹ̀. Ara wọn dúdú bí aró, lẹbẹ wọn gùn, ó sì pupa létí. Bí akọ méjì bá pàdé nínú omi kan náà, ọ̀kan á fa èkejì ya. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń gbé wọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀.

Mùsé sọ bí a ṣe ń tọ́jú wọn. Ó ní kí wọ́n kọ́kọ́ po iyanrìn, òkúta, ewéko odò àti omi pọ̀ sínú àwo, kí wọ́n fi í sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí ẹja tó wọ̀ ọ́. Ó ní wọn kò gbọ́dọ̀ fọ gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Díẹ̀ ni kí wọ́n máa bù jáde, díẹ̀ ni kí wọ́n máa dà sí i. Bàbá àgbà mi gbọ́ ọ yé. Kò ṣe é.

Ìdí tí kò fi ṣe é nìyí, gẹ́gẹ́ bí ìyá àgbà ṣe sọ ọ́ fún mi. Ní ilé tiwa, omi àlejò kì í sùn mọ́jú. Kí ojú ọjọ́ tó mọ́ tán, ìyàwó ilé á ti da ti àná nù, á fi eérú àti iyanrìn fọ ìkòkò náà títí yóò fi máa dán, á sì lọ pọn òmíràn. Ẹni tó bá fún àlejò ní omi àná ti sọ fún un pé kó máa lọ sílé rẹ̀. Bàbá àgbà mi wo ẹja tó ti òkun bọ̀ tó wá dé sílé ọ̀gá rẹ̀, ó sì kà á sí àlejò. Àlejò ni orúkọ tó sọ wọ́n. Ní ti ohun tí Mùsé wí, ó rò pé ọkùnrin tí kò ní ìyàwó nílé ló ń sọ̀rọ̀, ẹni tó ti gbà pé omi tútù kò sí. Nítorí náà, ní òròòwúrọ̀, ó ń da omi ọ̀kan nínú ẹja méjèèjì, èyí tó wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ Mùsé, nù, ó ń fi eérú fọ dígí àti òkúta rẹ̀, ó sì ń rọ omi odò tuntun sí i. Ẹja náà bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ẹnu sókè. Lẹbẹ rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ara, ó ń jẹrà láti etí wá. Bó ṣe ń rẹ̀ ẹ́ sí i ni bàbá àgbà mi ń fọ àwo rẹ̀ sí i. Ó kú.

Ẹja kejì wà nínú yàrá Mùsé, nínú omi àtijọ́ tó ti rí bí omi ewé, níbi tí ẹnikẹ́ni kò dé. Ó ń jẹ, ó ń gbérí. Mùsé ní kí gáàdì fi kòbókò na bàbá àgbà mi lágbàlá, níṣojú àwọn òṣìṣẹ́. Àwọn kan nílé sọ pé kòbókò ló kọ́ ọ lọ́gbọ́n. Mi ò gbà. Wọ́n ti nà án púpọ̀ ṣáájú ìgbà yẹn, kò sì kọ́ nǹkan kan níbẹ̀. Ẹja kejì ló kọ́ ọ. Àwo méjì wà nínú ilé kan náà. Èyí tí ó tọ́jú kú, èyí tí kò fọwọ́ kàn wà láàyè. Olùkọ́ wa kan ní ilé-ẹ̀kọ́ sọ fún wa pé àwọn ohun alààyè kan wà nínú omi tí ojú kò rí, tí wọ́n máa ń jẹ ìdọ̀tí rẹ̀ títí omi á fi dára. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, eérú bàbá àgbà mi ló ń pa wọ́n. Mi ò lè fi ẹ̀rí èyí hàn. Mo kàn rí i pé ó bá ohun tó ṣẹlẹ̀ mu. Nígbà tí bàbá àgbà mi délé, tí ìyá àgbà ń fi omi gbígbóná jó ẹ̀yìn rẹ̀ tó wú, ó ní: “Ìyá Kójó, ọ̀wọ̀ la fi pa á.”

Kójó ni bàbá mi. Kò pẹ́ sí ìgbà yẹn ni àwọn gáàdì wá kó àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin Akparé lọ sí iṣẹ́ ojú irin. Wọ́n mú bàbá mi lórí ebè. Wọ́n so wọ́n mọ́ra wọn ní ọrùn títí dé Anié, wọ́n sì kó òòlù lé wọn lọ́wọ́ láti máa fọ́ òkúta. Àwọn tó bá sá, okùn ni wọ́n fi ń mú wọn padà, wọ́n á sì nà wọ́n títí wọn ò fi ní lè jókòó. Ilẹ̀ ya lu àwọn kan. Ikọ́ pa àwọn mìíràn. Bàbá mi ti bí mi, mo sì ti ń sáré kiri nígbà náà. Ojú rẹ̀ nígbà tí wọ́n ń mú un lọ kò sí lórí mi mọ́, ẹkún ìyá mi ni mo rántí.

Bàbá àgbà mi bẹ Mùsé. Mùsé fẹ́ lọ sí ilé rẹ̀ fún ìsinmi, òkun sì jìnnà; yóò pẹ́ kó tó dé. Ó ronú, ó rẹ́rìn-ín, ó sì na ìka sí ẹja tó kù. Bí òun bá dé tí òun bá ẹja láàyè, ọmọ á máa lọ sílé. Bí òun bá bá a ní òkú, ọmọ á fọ́ òkúta títí irin á fi dé ibi tó ń lọ. Àdéhùn wọn nìyí. Bàbá àgbà mi gbọ́ ọ, ó gbà á, kò sì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni nílé.

Ó da ẹ̀wà kúrò nínú àgbá dígí. Ó gbé e sí ìta, ó ń rọ omi kún un, ó ń dà á nù, títí ọkàn rẹ̀ fi balẹ̀ pé omi ajónilára àwọn Jámánì kò sí lára rẹ̀ mọ́. Kò lo eérú. Ó lọ bu iyanrìn láti ibi tí odò ti ń rọra lọ, ó fi omi odò náà ṣàn án, ó tẹ́ ẹ sísàlẹ̀. Ó to òkúta sí i. Ó fa ewéko tó ń hù nínú omi dídúró, pẹ̀lú gbòǹgbò rẹ̀, ó gbìn ín. Ó ju ewé gbígbẹ igi furúǹtù sí i, irú èyí tí wọ́n gbìn síwájú ilé Mùsé, torí pé ó rí i pé Mùsé ń jù ú sínú ìgò tirẹ̀. Ó bu ẹrẹ̀ díẹ̀ láti ìsàlẹ̀ ìgò náà wá pẹ̀lú. Lẹ́yìn náà, ó ju ẹran gbígbẹ bíńtín sí i, ó sì ń dúró.

Omi náà kọ́kọ́ mọ́. Lẹ́yìn náà ó funfun bí omidùn, ó sì ń rùn. Bàbá àgbà mi á bẹ̀rẹ̀, á ti imú bọ àgbá, á gbọ́ òórùn rẹ̀, á dìde. Ó mú ẹja wẹ́wẹ́ láti odò, ó jù ú sí i láti fi dán an wò, ó kú. Ó tún ju òmíràn sí i. Òun náà kú. Ó ń rán wọn wọlé bẹ́ẹ̀, ó ń kó òkú wọn jáde, kò sì bojú jẹ́ fún ọ̀kankan. Ó ṣe, òórùn náà lọ. Omi náà mọ́, ó sì ní àwọ̀ bíi ti àgbo. Ara òkúta bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀. Ẹja odò tó jù sí i gbẹ̀yìn kò kú. Ó wà níbẹ̀, ó ń lúwẹ̀ẹ́. Ó yọ ọ́ jáde, ó fún adìẹ jẹ, ó sì lọ sí Anié lọ gbé Àlejò wá nínú igbá tó fi aṣọ bò. Mùsé lọ fún ìsinmi rẹ̀. Bàbá àgbà mi fi pákó bo ẹnu àgbá, nítorí pé ẹja náà máa ń fò. Nígbà tí ìyá mi bi í bóyá ẹja náà á lè gbé inú omi tó pọ́n bẹ́ẹ̀, ó ní: “Àwọn tó kú níbẹ̀ ti tún un ṣe fún un.”

Mo dé orí eyín ìyá àgbà báyìí.

Àwọn àna wa ń bọ̀ wá sílé. Ìyá àgbà wo àgbá omi pípọ́n tó wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ara òkúta rẹ̀ ń yọ̀, ojú tì í. Bàbá àgbà ti lọ sóko. Ìyá àgbà bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́n omi náà dànù. Ó ti gbọ́n ọn dé ààbọ̀, ó sì ti bu eérú sọ́wọ́, nígbà tí ọkọ rẹ̀ wọlé. Mo wà níbẹ̀. Mi ò gbọ́ ohun tó sọ, nítorí pé ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ gbá a lẹ́nu, ìyá àgbà ṣubú lu ògiri, ọkọ rẹ̀ tún gbá a nígbà tó fẹ́ dìde. Ẹ̀jẹ̀ dà sórí eérú. Ó kọjá lára rẹ̀, ó lọ kúnlẹ̀ síwájú àgbá láti wò ó bóyá ẹja náà ń mí. Ó ń mí. Eérú kò tíì dé inú omi. Ìgbà yẹn ni ó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ àdéhùn tó bá Mùsé ṣe, tó kẹ́yìn sí i, tó ń rọra bu omi odò padà sínú àgbá ní díẹ̀díẹ̀.

Mo ti gbìyànjú láti wá àwáwí fún un. Àwọn kan sọ pé ó ń bẹ̀rù pé bí ọ̀rọ̀ náà bá tàn ká, ẹnìkan á fi ibi pa ẹja náà. Bóyá ni. Èrò tèmi ni pé ojú ń tì í láti sọ pé ẹ̀mí ọmọ òun wà lọ́wọ́ ẹja. Èyíkéyìí tó bá jẹ́, òun ló fi òtítọ́ pamọ́ fún un, òun ló sì lù ú nítorí pé kò mọ̀ ọ́n. Ìyá àgbà jókòó sílẹ̀, ó tu eyín náà sí àtẹ́lẹwọ́, ó wò ó. Ó ní: “Baba Kójó, ọmọ tèmi náà ni. Ò bá ti sọ fún mi.”

Láti ìgbà náà ni ó ti ń bá a tọ́jú ẹja náà. Òun ló ń wá tanwíjí fún un nínú omi òjò tó bá dá sí koto, tó ń fi aṣọ sẹ́ ẹ. Mi ò gbọ́ kí bàbá àgbà dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Kò pẹ́ tí àwọn ará àdúgbò fi ń sọ pé òrìṣà tuntun ló wà nínú dígí. Wọ́n rí ọkùnrin kan tó ń kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀ láràárọ̀, wọ́n sì mọ̀ pé ọkùnrin yìí kì í kúnlẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ẹnìkan gbé obì wá. Obìnrin kan tó ń wá ọmọ mú adìẹ funfun wá. Bàbá àgbà pa adìẹ náà jẹ, ó sì ní kó padà lọ bá ọkọ rẹ̀. Katikíìsì ìjọ Àgùdà wá láti Atakpamé, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú agbòjò rẹ̀, ó ń sọ pé ẹni tó bá ń forí balẹ̀ fún ẹja kò ní rí ojú Ọlọ́run. Bàbá àgbà rọra gba agbòjò náà lọ́wọ́ rẹ̀, bíi pé ó fẹ́ bá a gbé e síbi tó dára, ó sì fi í nà án títí igi rẹ̀ fi ṣẹ́. Katikíìsì ń sá, bàbá àgbà ń bi í ní ìbéèrè kan láti ẹ̀yìn, ó sì jọ pé ó fẹ́ ìdáhùn sí i lóòótọ́: “Bó bá jẹ́ òrìṣà mi ni, ṣé tanwíjí ni n ó máa fún un jẹ?”

Mùsé ti sọ fún un pé kó máa fi dígí ìwojú han ẹja náà lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, kó má bàa gbàgbé ìjà. Mo rí èyí. Ó mú àfọ́kù dígí kan sún mọ́ àgbá. Ẹja náà rí ẹlòmíràn níbẹ̀, ó fẹ ọrùn, ó na gbogbo lẹbẹ rẹ̀, ó ń fi ẹnu gbá ara àgbá. Bàbá àgbà mi wò ó fún ìgbà díẹ̀, ó sì yí àfọ́kù náà dojú bolẹ̀. Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní: “Bó ti ń ṣe yìí ni wọ́n ṣe ń fẹ́ ká máa ṣe.”

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà tí Mùsé dé, mi ò sí níbẹ̀. Ẹni méjì ló sọ ọ́ fún mi: bàbá mi, àti kúkù Mùsé, tó jẹ́ ará Notsé. Wọ́n bá ara wọn mu lórí ohun gbogbo àyàfi kan.

Mùsé mú akọ tuntun kan bọ̀. Ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, ó pe àwọn òyìnbó ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé rẹ̀ ní Anié. Ó ní kí bàbá àgbà gbé ẹja àti àgbá dígí náà wá, kí wọ́n sì mú Kójó wá láti ibi iṣẹ́, kí àwọn àlejò lè rí ọmọ tí ẹja kan fẹ́ dá sílẹ̀. Bàbá mi dúró nísàlẹ̀ àkàsọ̀, gáàdì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mùsé wo Àlejò, ó yìn ín, ó ní kò tíì rí èyí tó dán tó bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà ló da èkejì sínú àgbá kan náà.

Wọ́n yí ara wọn po. Wọ́n dì mọ́ra lẹ́nu, wọ́n rì sí ìsàlẹ̀, wọ́n tún gbéra. Lẹbẹ ń já bọ́ bí aṣọ gbígbó. Àlejò fa ojú kan yọ lára èkejì, ó sì ń padà lọ sí ihò ojú náà títí èkejì fi dojú délẹ̀ lórí iyanrìn. Àlejò fúnra rẹ̀ ti ya láti ìrù dé àárín. Àwọn òyìnbó pàtẹ́wọ́. Mùsé fọwọ́ gbá bàbá àgbà mi léjìká, ó bu ọtí fún un. Lẹ́yìn náà, bíi pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí, ó ní apá Kójó lágbára, afárá odò kò sì tíì parí. Bí ó bá parí, á máa lọ.

Bàbá àgbà mi gbé ọtí sílẹ̀. Ó sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, ní Faransé, kí gbogbo wọn lè gbọ́: “Mùsé, ẹ ní bí ẹja bá yè, ọmọ mi á máa lọ. Ẹja yè.”

Mùsé ní òun kò bi í ní nǹkan kan.

Bàbá àgbà mi ki ọwọ́ bọ inú àgbá. Ó ti rẹ ẹja náà, kò sá. Kúkù sọ pé ó fi eyín gé orí rẹ̀. Bàbá mi sọ pé àtẹ́lẹwọ́ ló fi fún un pa, títí ìfun fi jáde láàárín ìka rẹ̀. Mo gba ti bàbá mi, nítorí pé kúkù wà nínú ilé, ojú fèrèsé ló ti wò ó. Àwọn méjèèjì gbà pé inú ife Mùsé ló jù ú sí. Ó ní: “Ẹja ti tán. Èmi àti ẹ̀yin ló kù.”

Àwọn gáàdì fi ìdí ìbọn lù ú ṣubú láti orí àkàsọ̀. Wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Bàbá mi gbọ́ bí egungun ìhà rẹ̀ ṣe ń dún, kò sì lè mira nítorí ìbọn tó wà ní ọrùn rẹ̀. Àwọn àlejò ti gbọ́ ọ̀rọ̀ àdéhùn náà ní èdè wọn, wọ́n sì ń wo Mùsé. Ó pẹ́ kó tó ní kí wọ́n fi í sílẹ̀. Ó ní ó dáa, kí ọmọ máa lọ. Bàbá ni yóò fọ́ òkúta tó kù, títí irin á fi dé ibi tó ń lọ. Bàbá mi rò pé Mùsé ń retí kí arúgbó náà bẹ̀bẹ̀. Ó dìde. Ó tu ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀. Ó rìn dé ọ̀dọ̀ ọmọ rẹ̀, kò dì mọ́ ọn, kò wo ojú rẹ̀. Ó ní: “Òòlù rẹ dà?”

Ó fọ́ òkúta títí iṣẹ́ náà fi parí. Ó padà wálé pẹ̀lú ọwọ́ ọ̀tún tí irin ti tẹ̀ fọ́, ó sì ń fi ọwọ́ òsì lù wá. Mi ò rò pé ó fẹ́ràn ẹja náà, bí àwọn kan ti ń wí. Mi ò sì rò pé ohun tó ṣe ní Anié pa ohun tó ṣe fún ìyá àgbà rẹ́. Ìyá àgbà fúnra rẹ̀ kò sọ bẹ́ẹ̀. Ó sunkún níbi òkú rẹ̀, ó sì sọ fún mi ní ọjọ́ kan náà pé ara òun ti balẹ̀. Mo gba méjèèjì gbọ́.

Àpá kan wà níwájú orí bàbá mi. Ó ti sọ fún wa láti ìgbà èwe wa pé ẹ̀ka igi ló já lu òun. Lẹ́yìn ìsìnkú, nígbà tí àwọn ènìyàn ti lọ, tí àwa méjì jókòó sẹ́yìn ilé, ó sọ òtítọ́ rẹ̀ fún mi.

Lẹ́yìn tí wọ́n dá a sílẹ̀, kò lè sùn. Ó ní kí ìyá àgbà se iṣu, ó gbé e sínú igbá pẹ̀lú ẹja gbígbẹ, ó sì rìn lọ sí ibi tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́, kọjá Anié. Kò mọ̀ pé àwọn gáàdì ń wá ẹni tí wọ́n á fi dípò àwọn tó ti kú, pé ọ̀dọ́ èyíkéyìí tó bá sún mọ́ ojú irin, mímú ni. Ó rí bàbá rẹ̀ láàárín àwọn yòókù, ó pè é. Gáàdì kan yíjú, ó sì béèrè ta nìyẹn. Bàbá àgbà mi dáhùn pé olè ni, tó máa ń wá jí oúnjẹ àwọn òṣìṣẹ́. Ó mú òkúta láti inú òkìtì tó ti fọ́, ó jù ú. Igbá fọ́, iṣu dà sílẹ̀. Ó ju òmíràn, ìyẹn bà á níwájú orí, ẹ̀jẹ̀ sì bo ojú rẹ̀. Àwọn gáàdì ń rẹ́rìn-ín, wọ́n dúró láti wòran. Bàbá mi dúró síbẹ̀, kò yé e, ó ń sọ pé, “Baba, èmi ni, Kójó ni.” Arúgbó náà gbé òkúta tó tóbi ju ti ìṣáájú lọ, ó ń bọ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀, títí ó fi sún mọ́ ọn tó bẹ́ẹ̀ tí kò sí ẹlòmíràn tó lè gbọ́. Ó ní:

“Bí o bá tún wá síbí, èmi ni n ó pa ọ́, kí wọ́n tó mú ọ.”

Bàbá mi sá. Kò sì sẹ́ni tó lé e.